Ta Ló Ń Gbé Fóònù Tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Wà Nínú Páálí Oògùn?

  

Bí oògùn kankan bá wà nítòsí yín, ẹ mú páálí rẹ̀. Ẹ fa ìwé pélébé inú rẹ̀ yọ, èyí tí gbogbo wa máa ń jù nù láìkà. Níbì kan nínú ìwé náà, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé bí ohun tí kò yé yín bá ṣe yín lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn yìí, kí ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn. Nígbà mìíràn wọ́n á fi nọ́ńbà fóònù kan sí i.

Mo ti pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lo oògùn kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú wọn ti wú, ètè wọn ti wú, gbogbo ara wọn sì ti sú. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, ara wọn sì balẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo mú páálí náà, mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ní sùúrù. Ohun mẹ́rin ló kọ́kọ́ béèrè: ta ló lo oògùn náà, ta ni èmi tí mò ń pè, oògùn wo ni, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo wá fi kún un pé ẹ̀gbọ́n mi mu àgbo ibà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "A, G, B, O." Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé níbo ló wà. Ó ní Íńdíà ni. Ó ní òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn tó ṣe oògùn náà, ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá wọn gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló gba òun síṣẹ́.

Ó ṣe dáadáa sí mi, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ìbéèrè kan kù tí kò jẹ́ kí n sùn: báwo ni ọ̀rọ̀ ara ẹ̀gbọ́n mi ṣe rìn dé Íńdíà? Ta ló la ọ̀nà yẹn? Bí nǹkan bá sì sọnù lójú ọ̀nà, ọrùn ta ni ẹ̀bi máa wà? Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Nígbà tí olóògùn ń ṣọ́ oògùn ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Jámánì, oṣù kẹwàá ọdún 1957. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Chemie Grünenthal gbé oògùn oorun kan jáde, wọ́n pè é ní Contergan. Thalidomide ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n polówó rẹ̀ pé kò léwu rárá, ènìyàn sì lè rà á láìsí ìwé dókítà. Àwọn aboyún ń lò ó nítorí èébì òwúrọ̀. Ní 1958, ilé iṣẹ́ Distillers bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Distaval ni wọ́n pe tiwọn.

Láyé ìgbà náà, bí oògùn bá pa aláìsàn lára, ta ni dókítà máa sọ fún? Àwọn tó ń ta oògùn náà ni. Kò tíì sí àjọ ìjọba tó ń kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ láti gbogbo ìlú. Lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ Grünenthal pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn kan tó ń lo oògùn náà ń kú, pé ó ń ṣe wọ́n bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún wọn. Ẹni tó ń gba lẹ́tà wọ̀nyí náà ló ń jẹ èrè oògùn náà. Ọjà ń lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1960, dókítà kan ní Scotland, Leslie Florence, kọ lẹ́tà kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ British Medical Journal. Ó ní òun ti rí aláìsàn mélòó kan tí irú nǹkan báyìí ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n lo thalidomide fún ìgbà pípẹ́. Ó béèrè bóyá àwọn mìíràn ti rí irú rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1961, obìnrin kan ka lẹ́tà yẹn ní Amẹ́ríkà. Frances Kelsey ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ni ìwé ilé iṣẹ́ Richardson-Merrell ti wà lórí tábìlì rẹ̀, tí wọ́n ń tọrọ àyè láti ta thalidomide. Wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó tètè fọwọ́ sí i. Kelsey kọ̀. Lẹ́tà kékeré yẹn wá mú kó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn: bí oògùn yìí bá lè ba iṣan àgbàlagbà jẹ́, kí ló máa ṣe fún ọmọ inú oyún?

Kí ọdún náà tó parí, ìdáhùn dé. Ní Hamburg, dókítà ọmọdé kan, Widukind Lenz, ń lọ bá àwọn òbí tí wọ́n bí ọmọ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Ó ń bi wọ́n léèrè ohun gbogbo tí ìyá lò nígbà tó lóyún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ó sọ fún Grünenthal pé kí wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà. Kí oṣù náà tó tán, wọ́n kó o. Ní oṣù kejìlá, lẹ́tà William McBride jáde láti Ọsirélíà nínú ìwé ìròyìn The Lancet, ohun kan náà lòun náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní ìkókó.

Ẹ kíyè sí àwọn tó gba ayé sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kan kọ lẹ́tà. Obìnrin kan kà á, ó sì ronú lé e lórí. Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn, ó jókòó ti àwọn ìyá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dópin. Etí ló ṣiṣẹ́.

Káàdì aláwọ̀ ìyeyè

Lẹ́yìn àjálù yẹn, àwọn ìjọba rí i pé kò yẹ kí olóògùn nìkan máa ṣọ́ oògùn rẹ̀. Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun ní 1962. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò Yellow Card ní 1964: káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí dókítà máa kọ ohun tó rí sí, tí á sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Ní 1968, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kó orílẹ̀-èdè mẹ́wàá jọ kí wọ́n lè máa pa ìròyìn wọn pọ̀. Láti 1978, ìlú Uppsala ní Sweden ni wọ́n ti ń bójú tó o. Nàìjíríà wọlé ní 2004, àwa ni orílẹ̀-èdè kẹrìnléláàádọ́rin.

Òfin kò dá olóògùn sílẹ̀ o. Ńṣe ló di ẹrù tuntun lé e lórí: gbogbo ìròyìn ìpalára tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbà á, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fi tó ìjọba létí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Kí ló ń jẹ́ pé ọ̀rọ̀ le? Bí ènìyàn bá kú, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, bí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, bí ó bá sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, tàbí bí wọ́n bá bí ọmọ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pé. Ẹ rí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, àpá thalidomide ni.

Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwé ń pọ̀. Oògùn kan tí wọ́n ń tà ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè, láti gbogbo ibẹ̀ ni ìròyìn á ti máa wá, ní oríṣìíríṣìí èdè, nípa lẹ́tà, fáàsì, fóònù àti ímeèlì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á, kó mọ̀ bóyá ó le tàbí kò le. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Dókítà gbọ́dọ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú gbogbo rẹ̀ tó ń wọlé fún olóògùn. Owó tó ń jáde ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, òwò mìíràn ń dìde. Ní 1982, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dennis Gillings, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì North Carolina, dá ilé iṣẹ́ Quintiles sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn olóògùn ṣe ìwádìí tí wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Lónìí, IQVIA ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì wà lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò náà. Kò pẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ oògùn náà mọ́ ti ìwádìí.

Ohun kan ṣì kù kí iṣẹ́ náà tó lè sọdá òkun: gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí orúkọ àìsàn. Ní 1990, àwọn ìjọba àti olóògùn Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ń pè ní ICH. Láti ibẹ̀ ni MedDRA ti jáde, ìwé ọ̀rọ̀ àìsàn tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹnì kan lè ní "orí ń fọ́ mi", ẹlòmíràn lè ní "orí mi ń lù", nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa kọ fún àwọn méjèèjì. Ní 2001, Yúróòpù dá EudraVigilance sílẹ̀, níbi tí ìròyìn á ti máa wọlé láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di nọ́ńbà, kò pọn dandan kí ẹni tó ń kọ ọ́ wà nítòsí ẹni tó ń ṣàìsàn mọ́. Íńdíà ní àwọn apòògùn àti oníṣègùn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, owó oṣù wọn kò sì tó ti London tàbí New York. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ á ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe rọ́ lọ sí Bangalore, Hyderabad, Mumbai àti Chennai. Accenture, Cognizant àti Tata Consultancy Services, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ń gba iṣẹ́ yìí ṣe.

Kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó: láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2020 títí di ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2021, ìròyìn 42,086 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi mí gbọ́. Ìròyìn kì í ṣe ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lónìí lè ní ibà lọ́la nítorí ẹ̀fọn. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan fara balẹ̀ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ló rán ọ níṣẹ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nínú iṣẹ́ yìí, ta ló rán ni níṣẹ́? Olóògùn ló ń san owó. Ohun tó sì rọrùn láti wọ̀n nínú kọ́ńtíráàtì ni iye ìròyìn tí wọ́n parí lóòjọ́ àti bóyá wọ́n bá ọjọ́ 15 yẹn. Bóyá ẹni tó gba ìpè gbọ́ ohun tí ìyá kan ń gbìyànjú láti sọ, ìyẹn kò ní òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ìròyìn ránṣẹ́ gan-an ni aláìsàn. Òun ló rán gbogbo wọn níṣẹ́.

Òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2012 sọ̀rọ̀ lórí èyí. Olóògùn lè gbé apá kan iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀bi kò kúrò lórí rẹ̀ láé. Ó tún gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan pàtó, onímọ̀, tí yóò máa bójú tó gbogbo ètò náà, tí yóò sì máa gbé, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́, nínú Yúróòpù. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó jókòó sí London kò lè di ipò yẹn mú fún Yúróòpù mọ́. Iṣẹ́ lè lọ sí Chennai, àmọ́ ẹni tí òfin máa dì mú gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ní ọdún 2012 kan náà, gbogbo ayé rí ohun tó lè sọnù lójú ọ̀nà. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo bí ilé iṣẹ́ Roche, ti Switzerland, ṣe ń ṣọ́ oògùn rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìròyìn bí 80,000 wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò bóyá ó jẹ́ ìpalára oògùn. Nínú rẹ̀, 15,161 jẹ́ ìròyìn ikú. Inú ètò ìrànwọ́ fún àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, ètò tó ti wà láti 1997. Aláìsàn ti sọ̀rọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ dé ìdí. Oògùn jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ohun tí Roche ń tà, àìsàn náà sì lè pa ènìyàn láìsí ẹ̀bi oògùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, àjọ oògùn Yúróòpù ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí ohun tó yí ìdájọ́ àwọn padà nípa àwọn oògùn náà. Ó dùn mọ́ni. Àmọ́ ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó mọ̀ pé kò sí ewu. Bí ó bá jẹ́ pé ewu wà ńkọ́?

Nílé wa níbí

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń dé ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti kú. Àwọn dókítà bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ lò, orúkọ kan ló sì ń jáde: My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Èkó. Májèlé diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀, èyí tó pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà ní 1937. NAFDAC kó o kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọmọ 84 ti lọ. Níbí náà, ẹni tó béèrè, tó sì gbọ́, ló dá ikú náà dúró.

N kò sọ pé kí olóògùn má gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn o. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, mo sì gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní Íńdíà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé fọ́ọ̀mù ní ààyè fún ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan. Ohun tuntun kì í ní àpótí tirẹ̀. Ọwọ́ tó kú, ọmọ tí kò tọ̀, inú ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu aláìsàn ló máa ń wà.

Ẹ rántí àgbo ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe lẹ́tà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ sì tán. Àgbo ìyá alágbo kan ní Mushin kì í ṣe àgbo ti Bódìjà. Nígbà tí mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n mu, wọ́n ní orúwo ni, ahùn, àti ewé dóńgóyárò. Íńdíà gan-an ni igi dóńgóyárò ti wá. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin yẹn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo tún pè. Ọkùnrin kan ló gbé e lọ́jọ́ yẹn, mo sì rọra sọ gbogbo rẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kọ ọ́.

Nítorí náà, bí oògùn bá ṣe yín bákan, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn yín. Ẹ lè sọ fún NAFDAC tààrà láti orí fóònù, áàpù wọn fún un ni Med Safety. Ẹ tọ́jú páálí oògùn, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ló ń fi ìdí irú èyí tí ẹ rà hàn. Ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ tún lò, àgbo pẹ̀lú. Bí ẹni tó gbé fóònù bá sì ń kánjú, ẹ̀yin ẹ má kánjú. Ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́.